Ṣé àìsàn ni ìsanrajù, àbí ọ̀rọ̀ ọ̀fun tí kò mọ̀wọ̀n?

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ mí lọ́kàn gan-an. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tá a jọ ń gbé ní Àjàṣẹ́ níbí, àkàsà ló ń sè tà, ó sanra, kì í ṣe èyí tí wọ́n á wò tí wọ́n á ní ara tù ú o, tó bá fẹ́ dìde lórí àpótí nídìí ìkòkò, á kọ́kọ́ fi ọwọ́ méjèèjì ti itan, á dúró, á mí, kó tó lè na orúnkún. Lóru á máa hanrun, á wá dákẹ́ lójijì, èémí ò ní jáde rárá, èmi á dìde jókòó máa wò ó, àfi ìgbà tó bá ta gìrì tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú èèyàn lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó gbà wá ò tiẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó kàn ní "Ìyá, ẹ lọ dín oúnjẹ kù, àwọn aláìsàn ń dúró." Ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀ títí a fi délé. Ṣé ìsanrajù fúnra ẹ̀ kì í ṣe àìsàn ni? Àbí ó dìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ bá wọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kà á sí aláìsàn? Èmi tí mo tín-ín-rín báyìí ni mo ń jẹun jù ú lọ, gbogbo ilé ló mọ̀.

Bàbá_Kétu:
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o, kí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n rẹ ní àlàáfíà. Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé àìsàn ni. Nígbà tá a wà lọ́mọdé ní Kétu níbí, ẹsẹ̀ làwọn ìyá wa ń fi rìn lọ sóko, wọ́n á tún ru igi bọ̀, ta ló sanra bẹ́ẹ̀ nínú wọn? Ó ṣọ̀wọ́n. Lónìí zem, ọ̀kadà yẹn, ló ń gbé èèyàn lọ sọ́jà tí kò jìnnà, ọtí ẹlẹ́rìndòdò láàárọ̀, òróró ń léfòó lórí ọbẹ̀, èèyàn á jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ohun tá a fọwọ́ ara wa fà la ó wá máa pè ní àìsàn? Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé tá a bá ti ní àìsàn ni, àwọn ọ̀dọ́ á sáré lọ ra hóró òògùn lójú pópó, wọn ò ní rìn, wọn ò sì ní dín nǹkan kan kù. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ mi ni mò ń rò.

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀ẹ́:
Bàbá, mo kí yín o, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mi ò lè jiyàn ọ̀rọ̀ ìrìn àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó mu sìgá títí ẹ̀dọ̀fóró ẹ̀ fi bàjẹ́, ṣé a ò ní tọ́jú ẹ̀ ni? Ibi tí nǹkan ti wá ò ní kó má jẹ́ àìsàn. Ó ti pẹ́ tí OMS, Àjọ Ìlera Àgbáyé, ti fi í sínú ìwé tí wọ́n ń ka àìsàn sí, ẹgbẹ́ àwọn dókítà Amẹ́ríkà, AMA, náà dìbò sí i ní 2013. OMS ní ní ọdún 2022, nínú èèyàn 8 láyé, ẹnì 1 wà nínú ẹ̀. Ṣé gbogbo wọn ni ọ̀jẹun?

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ọ̀rá ara wa máa ń tú họ́mónù kan tí wọ́n ń pè ní leptin sínú ẹ̀jẹ̀, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé oúnjẹ ṣì wà nípamọ́. Tí ẹni tó sanra bá wá febi panú tó fọn, leptin á já wálẹ̀, ọpọlọ á rò pé ìyàn ti mú, họ́mónù ebi tí wọ́n ń pè ní ghrelin á gòkè, ara á tún máa ṣún oúnjẹ lò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ọsirélíà, tó jáde ní 2011, tẹ̀ lé àwọn tó fọn báyìí, lẹ́yìn ọdún kan gbáko họ́mónù wọn ò tíì padà sípò, ebi ń pa wọ́n ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ wá sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó "dín oúnjẹ kù" kẹ́ ẹ sì lé e jáde, kí lẹ ṣe fún un? Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ, torí ẹni tí wọ́n bá ti dójú tì lẹ́ẹ̀kan kì í padà wá mọ́ àfi tí ẹsẹ̀ bá ti ń jẹrà.

Àdùkẹ́, ìbéèrè rẹ kejì dára gan-an. Ní oṣù Kíní 2025, àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ gbé ìlànà jáde nínú Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, wọ́n ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí BMI ẹ̀, ìyẹn bí kílò èèyàn ṣe rí sí gíga rẹ̀, bá ti tó 30 ni aláìsàn. Ẹni tó sanra tí nǹkan kan ò tíì ṣe, ká máa ṣọ́ ọ. Ẹni tí ọ̀rá ti ń ba nǹkan jẹ́ lára ẹ̀, tí kò lè mí dáadáa lóru, tí orúnkún ò gbé e mọ́, àìsàn ti wà lára onítọ̀hún nìyẹn, kò dìgbà tí àtọ̀gbẹ bá dé. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n rẹ ti kọjá ẹni tá a kàn ń ṣọ́.

Tẹ́ ẹ bá padà lọ, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún họ́mónù thyroïde, ẹṣẹ́ tó wà níwájú ọrùn, kí wọ́n wo ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ àti abíyá bóyá awọ ibẹ̀ ti dúdú tó sì nípọn bí àrán, torí ìyẹn máa ń fi hàn pé ṣúgà ń bọ̀ lọ́nà. Tí wọ́n bá sì fẹ́ wọn ìfúnpá, kí wọ́n wá aṣọ ìwọ̀n tó gba apá ẹ̀, èyí tó bá há máa ń gbé nọ́ńbà ga ju bó ṣe yẹ lọ, mo ti rí ẹni tí wọ́n fún ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru bẹ́ẹ̀ tí kò ní in rárá.

Ṣadé_Kùtọnù:
Ẹ má gbàgbé òògùn "kí ara yọ" tí wọ́n ń tà lórí igbá o! Ọ̀rẹ́ mi kan lò ó kí ìdí ẹ̀ lè tóbi ṣáájú ìgbéyàwó, ojú ẹ̀ wú rìbìtì, irun hù ní àgbọ̀n, ìlà pupa yọ níkùn. Dexamethasone ni, corticoïde, òògùn tó dà bí họ́mónù kan tí ara fúnra ẹ̀ ń ṣe, ẹni tó tà á fún un ò sọ nǹkan kan. Bó ṣe fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo báyìí ló dákú, dókítà ní ṣe ló yẹ kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ torí ara ẹ̀ ti gbàgbé bó ṣe ń ṣe tiẹ̀. Irú ìsanra yẹn, ẹnu ha ló fà á ni Bàbá?

Àdùkẹ́_Àjàṣẹ́:
Ha, Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á san án fún yín. Ọrùn ẹ̀ dúdú lóòótọ́, a rò pé ìdọ̀tí ni, ó máa ń fi kànhìnkànhìn bó o. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ní ó ń mú èèyàn fọn, tí mò ń rí lórí Facebook yẹn ńkọ́, ṣé ká rà á?

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ sọ fún un kó má bó o mọ́, kì í ṣe ìdọ̀tí. Abẹ́rẹ́ yẹn, semaglutide, ó ń ṣiṣẹ́. Nínú ìwádìí tó jáde ní 2021, àwọn tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ 68 fọn ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ àwọn tó dáwọ́ dúró, láàárín ọdún kan ìdá méjì nínú mẹ́ta ohun tí wọ́n pàdánù ti padà sára wọn. Bí òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló rí, kì í ṣe ohun à-lò-fi-sílẹ̀, owó ẹ̀ sì ga fún èmi àti ìwọ. Ti orí Facebook ẹ má rà á rárá, inú fíríìjì ló ń gbé kó tó di pé wọ́n ṣí i, OMS sì ti kìlọ̀ ní 2024 pé ayédèrú ẹ̀ wà níta. Ohun tọ́wọ́ yín tó báyìí: tó bá wọn kílò 110, kó dín kílò 6 sí 11 péré, ìfúnpá àti ṣúgà á ti máa sọ̀ kalẹ̀. Kílò kan tó bá kúrò lára, bí i kílò mẹ́rin ló ń kúrò lórí orúnkún nínú ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Bàbá_Kétu:
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ti abẹ́rẹ́ yẹn ò tíì yé mi, ẹ̀rù ẹ̀ ṣì ń bà mí. Ti pé wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ jáde láìfọwọ́ kàn án, ìyẹn ò dáa, kò dáa rárá. Ṣùgbọ́n Nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń tọ́jú àgbà, ẹ bá wa sọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìndòdò àti bisikíìtì tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, àwọn ọmọ ń jẹ ẹ́ láàárọ̀ kí wọ́n tó jẹ ẹ̀kọ.

Nọ́ọ̀sì_Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ ṣeun Bàbá, ìyẹn náà wà lára iṣẹ́ wa. Àdùkẹ́, gbogbo òògùn tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lò, títí kan àgbo àti abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí, kó o sínú àpò kan kó o gbé e dání. Fi fóònù ká ohùn híhanrun ẹ̀ sílẹ̀ lóru, pàápàá ibi tó ti ń dákẹ́ yẹn, jẹ́ kí dókítà gbọ́ ọ fúnra ẹ̀. Tí wọ́n bá tún ní kó lọ dín oúnjẹ kù, ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú carnet ẹ̀, ìwé ìtọ́jú ẹ̀, pé èémí ń dá dúró lóru, kí ẹ sì béèrè ta ni wọ́n fẹ́ rán yín sí.