Ṣéènì kì í fà, jíjẹ ló ń jẹ

Àbá mẹ́rin ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ ohun èlò kẹ̀kẹ́ àti kọ̀ǹpútà. Àkọ́kọ́ ni pé ká yé pe ṣéènì ní ṣéènì, ká máa pè é ní ẹ̀wọ̀n kẹ̀kẹ́, ká sì máa sọ pé ó "fà" bó bá ti gùn ju bó ṣe yẹ lọ. Èkejì ni pé kí fìríwíìlì, irin ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn máa yí lọ bí a bá dáwọ́ pẹ́dà dúró, di "àgbá òmìnira". Ẹ̀kẹta ni pé "ìrántí" ti tó fún gbogbo ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó nǹkan sí. Ẹ̀kẹrin ni "kẹ̀kẹ́ oníná" fún kẹ̀kẹ́ tó ń fi bátìrì rìn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ gbé wọn wá, ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ sí wọn, torí pé ẹni tó fẹ́ tún nǹkan ṣe, orúkọ tó bá gbọ́ ló máa tẹ̀ lé. Bí orúkọ bá ṣi ọ̀nà, ọwọ́ náà á ṣi ọ̀nà.

Lórí ẹ̀wọ̀n, mi ò ní pẹ́. Ọ̀rọ̀ àtàtà ni, àmọ́ lónìí, bí wọ́n bá ní ẹnì kan wà lẹ́wọ̀n, kò sẹ́ni tó máa ro kẹ̀kẹ́. Ṣéènì ti wọlé, ó ti jókòó: ẹni tó ń tà á mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń tún un ṣe mọ̀ ọ́n, ọmọdé tó ń gun kẹ̀kẹ́ mọ̀ ọ́n. Inú ṣéènì gan-an la ti nílò ọ̀rọ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Irin pẹlẹbẹ méjì-méjì ni, ìṣó kékeré gba ara wọn kọjá, òrùka róbótó kan sì ń yí lórí ìṣó náà. Ibi tí ìṣó ti gba inú irin kọjá yẹn, mo dábàá pé ká máa pè é ní oríkèé. Bí ìka ọwọ́ ṣe ń ká ní oríkèé ni ṣéènì ṣe ń ká níbẹ̀ nígbà tó bá ń gba ara jíà kọjá. Láti oríkèé kan sí èkejì jẹ́ ìdajì ínṣì, ìyẹn mílímítà 12.7. Ibẹ̀ náà ni iyanrìn ń wọ̀. Bí iyanrìn bá pò pọ̀ mọ́ òróró, á dà bí ọlọ tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ: ìṣó á máa jẹ ihò, ihò á máa jẹ ìṣó. Irin pẹlẹbẹ yẹn kò gùn sí i rárá, bó ṣe gùn lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe é náà ló ṣì gùn. Àlàfo kékeré tó ti wọ oríkèé kọ̀ọ̀kan ló kóra jọ tí odindi ṣéènì fi gùn. Rọ́bà ló ń fà, bí ẹ bá sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Ṣéènì kò fà, kò sì ní padà. Ó jẹ ni.

Ẹ lè ní kí ni ìyàtọ̀ náà já mọ́. Ẹni tó bá gbọ́ pé ṣéènì fà, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé kó mú un le. Lórí kẹ̀kẹ́ ológeere tó ní jíà kan ṣoṣo lẹ́yìn, á tú nọ́ọ̀tì méjèèjì tó di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, sípánà 15 ló sábà máa ń bá wọn mu, á fa ẹsẹ̀ náà sẹ́yìn, á sì tún un dì. Iṣẹ́ yẹn dára bó bá jẹ́ pé ṣéènì dẹ̀ ni. A ti ní "dẹ̀" tẹ́lẹ̀, kò sì nílò àtúnṣe kankan. Ẹ fi ìka ti ṣéènì sókè sódò láàárín jíà iwájú àti tẹ̀yìn: ó yẹ kó máa mì ní nǹkan bí ìdajì ínṣì. Bó bá ń mì ju ínṣì kan lọ, ó dẹ̀. Bí kò bá mì rárá, ó le jù, á sì máa ba bíárìn inú ẹsẹ̀ ẹ̀yìn jẹ́.

Ṣùgbọ́n ṣéènì tó ti jẹ, bí ẹ fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn nígbà mẹ́wàá, ibi tó jẹ kò ní dí. Oríkèé rẹ̀ ti jìnnà síra wọn ju eyín jíà lọ, nítorí náà dípò kó jókòó sí ìdí eyín, á máa gun orí rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀, eyín á tẹ̀ bí ìkọ́, ṣéènì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò, pàápàá níbi gegele tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ gidi. Bí wọ́n bá wá fi ṣéènì tuntun sórí eyín tó ti di ìkọ́, tuntun náà á máa fò, wọ́n á sì ní ayédèrú ni ẹni tó ta ṣéènì tà fún àwọn.

Rúlà oní-ínṣì 12 ló ń dá ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí ṣéènì le, ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ rúlà sí àárín ìṣó kan, kí ẹ wá ka ìṣó 24 tó tẹ̀ lé e. Ìṣó kẹrìnlélógún gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ínṣì 12 géérégé. Bó bá fi 1/16 ínṣì kọjá, ìyẹn nǹkan bí ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ pààrọ̀ ṣéènì nìkan, eyín ṣì lè yè é. Bó bá fi 1/8 kọjá, jíà ẹ̀yìn náà ti ń lọ nìyẹn, ẹ múra láti ra méjèèjì. "Oríkèé ṣéènì ti jẹ" ń sọ gbogbo èyí ní gbólóhùn kan, ó sì tún ń sọ ibi tí òróró yẹ kó dé: inú oríkèé, kì í ṣe ẹ̀yìn irin. Ẹ fi àkísà tó ní kẹrosíìnì nu ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ kán òróró kan sí oríkèé kọ̀ọ̀kan, ẹ yí pẹ́dà sẹ́yìn fún bí ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì nu gbogbo ohun tó kù níta kúrò. Gíríìsì tí wọ́n ń yí mọ́ ara ṣéènì láti òkè, iyanrìn ló ń bá ni kó.

Ó kan "àgbá òmìnira". Òmìnira ni tẹni tó kúrò lábẹ́ àjàgà. Irin kékeré ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yìí kò kúrò lábẹ́ àjàgà kankan: bí ẹ bá wa pẹ́dà síwájú, á di ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mú, bí ẹ bá dáwọ́ dúró, á fi í sílẹ̀ kó máa yí lọ. Mo gbìyànjú "adìtú", ohun tó ń dì tó sì ń tú, àmọ́ ó súnmọ́ àdììtú jù, ohun tí a dì tí kò ṣeé tú, ìtumọ̀ á sì dojú rú pátápátá. "Ayílófo" ni mo tún rò, ṣùgbọ́n "ó ń yí lófo" gan-an ni àìsàn rẹ̀. Inú rẹ̀ ní ìkọ́ kéékèèké tí sípíríìnì ń tì síta láti há mọ́ eyín inú. Bí gíríìsì àtijọ́ bá gan mọ́ ìkọ́ náà, kò ní yọ síta mọ́, ẹsẹ̀ yín á sì máa wa pẹ́dà lásán láìjẹ́ pé kẹ̀kẹ́ kúrò lójú kan. Kẹrosíìnì díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, yíyí síwá-sẹ́yìn, lẹ́yìn náà òróró tó ṣàn dáadáa, ó sábà máa ń tú u. Orúkọ tó bá jẹ́ orúkọ nǹkan àti orúkọ àìsàn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kò ṣeé lò. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ fìríwíìlì.

Ti kọ̀ǹpútà ló ká mi lára jù. Mi ò bá ayárabíàṣá jà, ó ti wọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ni ẹnu ń pè. "Ìrántí" ló kù díẹ̀ káàtó, nítorí ó so ohun méjì pọ̀ tí owó olówó ń ti àárín wọn ṣòfò. Èyí àkọ́kọ́ ni ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní RAM, 8 GB tàbí 16 GB. Bí iná bá lọ, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ pòórá. Èkejì ni ibi tí fáìlì ń sùn sí, 256 GB tàbí 512 GB. Iná lọ, iná ò lọ, ó wà níbẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ń falẹ̀, wọ́n á ní "ìrántí rẹ̀ kéré", oníbàárà á lọ ra irú èkejì, ti 1 TB, ẹ̀rọ á sì máa falẹ̀ lọ bó ṣe wà.

Àtẹ àti àká ni mo fẹ́ ká máa lò. Ìyálọ́jà ń pa àtẹ láàárọ̀, ó ń kó o nílẹ̀ lálẹ́. Ohun tó bá wà lórí àtẹ lọwọ́ ń tó kíákíá, àyè ibẹ̀ kò sì pọ̀. Àká ni ibi tí àgbẹ̀ ń kó ọkà sí, ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọkà ibẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tí àtẹ rẹ̀ kún á máa kó apá kan rẹ̀ lọ sínú àká, á tún máa gbé e padà, ìlọ-síwá-sẹ́yìn yìí ló ń mú un falẹ̀. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ wo ìlà Memory. Bó bá dúró sókè 90% nígbà tí nǹkan tí ẹ ṣí kò pọ̀, àtẹ ló há, kì í ṣe àká. Kí ẹ tó ra àfikún, ẹ mọ irú tí ẹ̀rọ yín ń gbà: ti láptọ́ọ̀pù DDR4 ní ojú ìkànmọ́ 260, DDR5 ní 262, gígé kékeré ìdí wọn kò sì bọ́ síbì kan náà. Bí kò bá wọlé, ẹ má fi agbára tì í. Láptọ́ọ̀pù mìíràn wà tí wọ́n ti jó àtẹ rẹ̀ mọ́ pátákó látilẹ̀; ìyẹn kò ṣeé fi kún.

Ẹnì kan lè ní àtẹ ti di orúkọ fún àwòrán onílà tí a ń to nọ́ńbà sí nínú ìwé ìṣirò. Òótọ́ ni. Bó bá fẹ́ dani láàmú, ẹ pè é ní àtẹ iṣẹ́.

Níti kẹ̀kẹ́ oníná, kẹ̀kẹ́ tó ní fìtílà iwájú náà oníná ni. Iná tó ń jó ilé sì tún wà ńbẹ̀. Ní Lọ́ńdọ́nù, àwọn panápaná ń kìlọ̀ lórí bátìrì kẹ̀kẹ́ tó ń gbiná, pàápàá èyí tí wọ́n fi ṣájà tí kì í ṣe tirẹ̀ ṣáàjì. "Kẹ̀kẹ́ oníná gbiná" kì í ṣe gbólóhùn tó yẹ ká fún ẹnikẹ́ni kà. Oníbátìrì ló sàn, torí bátìrì ni ibi tó yẹ kí ojú wà. Bátìrì fólìtì 36 sábà ní sẹ́ẹ̀lì 10 tó tẹ̀ léra, ọ̀kọ̀ọ̀kan kì í kọjá 4.2, nítorí náà 42 ni ṣájà rẹ̀ ń dé. Ti 48 ní 13, ṣájà rẹ̀ ń dé 54.6. Bí ẹ bá fi ṣájà 54.6 sí bátìrì 36, ẹnu ihò lè bára mu, ṣùgbọ́n ewu gidi ni. Ẹ má sì ṣáàjì rẹ̀ lójú ọ̀nà tí ẹ máa gbà sá jáde.

Ẹ jẹ́ ká ya "tán", "kú" àti "wú" sọ́tọ̀ náà. Bátìrì tó tán, ẹ ṣáàjì rẹ̀. Èyí tó kú kò gba iná mọ́. Ti fóònù tàbí láptọ́ọ̀pù tó wú, tó ń ti ìdérí sókè, ẹ má ṣáàjì rẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ padà.

Ọ̀rọ̀ ológeere kò sì gbọ́dọ̀ já bọ́. Kẹ̀kẹ́ lásán l'Ékòó ti di ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, Maruwa, orúkọ tó jẹ yọ láti ara Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun níbẹ̀ láti 1996 sí 1999. Kẹ̀kẹ́ ológeere oníbátìrì ni kó máa jẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí mọ́tò rẹ̀ kò ju wáàtì 250 lọ, tó ní pẹ́dà, tí mọ́tò náà sì ń dáwọ́ ìrànlọ́wọ́ dúró ní máìlì 15.5 láàárín wákàtí kan, ni òfin kà sí kẹ̀kẹ́. Ẹni ọdún 14 sókè lè gùn ún láìsí láísẹ́ǹsì. Èyí tó kọjá bẹ́ẹ̀ nílò láísẹ́ǹsì àti ìbánigbófò bíi ti ọkọ̀. Alùpùpù oníbátìrì ni kí a máa pe ìyẹn, bó tilẹ̀ ní pẹ́dà.