Owó ti hàn nínú àkáǹtì mi, ṣé kí n fi ránṣẹ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Oṣù Kẹjọ ni mo dé, físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo bá wá. Lọ́jọ́ Ajé, í-meèlì kan wọlé, orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n ẹ̀ka wa ló wà lórí rẹ̀: iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́, nínú yàrá ẹni, $400 lọ́sẹ̀. Lánàá wọ́n fi àwòrán ṣẹ́ẹ̀kì $2,450 ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n fi fóònù yà á sínú àkáǹtì, kí n mú $400 tèmi, kí n fi Zelle, ètò ìfowóránṣẹ́ orí fóònù, san ìyókù fún ẹni tó ń ta kọ̀ǹpútà. Owó ti hàn o! Wọ́n tún ń béèrè páásípọ́ọ̀tù àti nọ́ńbà Social Security, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fúnni. Ara ń fu mí, àmọ́ rẹ́ǹtì ti tó san.

Ìyá Ìbejì, Maryland
Àbúrò, má fọwọ́ kàn án! Gbájúẹ̀ ni. Báńkì ló yá ọ lówó yẹn, ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀ pé ayédèrú ni ṣẹ́ẹ̀kì. Tí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á yọ gbogbo ẹ̀ padà, $2,050 tó o fi ránṣẹ́ ti di gbèsè sí ọ lọ́rùn. Káàdì ẹ̀bùn ni wọ́n fi mú èmi. Mo jókòó sínú mọ́tò níwájú ṣọ́ọ̀bù, mo ń ha ẹ̀yìn káàdì, mo ń ya fọ́tò ránṣẹ́ sí olè. Gàrí ni mo mu títí sáà fi parí. Nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì rẹ ni kó o pè, nísinsìnyí.

Ẹ̀gbọ́n Àkàndé
Ọ́fíìsì akẹ́kọ̀ọ́ òkèèrè ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Social Security yẹn ló tú wọn fó. Akẹ́kọ̀ọ́ F-1 kì í rí nọ́ńbà yẹn gbà àfi tó bá ti ríṣẹ́: agbanisíṣẹ́ á kọ lẹ́tà, ọ́fíìsì wa á kọ tiwa, ìwọ á kó méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì Social Security fúnra rẹ. Ọ̀jọ̀gbọ́n tòótọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kì í sì í ju wákàtí 20 lọ lọ́sẹ̀ nígbà tí kíláàsì bá ń lọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n bá gbà ọ́ ni wọ́n á wo páásípọ́ọ̀tù fún fọ́ọ̀mù I-9, èyí tó ń fi hàn pé o lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìwé orúkọ ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n ti rí í-meèlì rẹ. Òfin FERPA ti 1974 dáàbò bo àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ, o ò báà jẹ́ àlejò, àmọ́ ó gba ilé ẹ̀kọ́ láyè láti fi orúkọ àti í-meèlì síta bí o ò bá kọ̀. Lọ kọ̀ ọ́ ní ọ́fíìsì registrar, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́. Kó o sì fẹjọ́ sun FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo oníbàárà, ní ReportFraud.ftc.gov.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Houston
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kanlẹ̀kùn ọ̀jọ̀gbọ́n: kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kẹta tó máa wá bi í nìyí. Báńkì ti dì owó náà mú. Àṣírí kan: mo ti fi ojú ìwé páásípọ́ọ̀tù ránṣẹ́ kí n tó bi yín, mo ti lọ sọ ìyẹn náà ní ọ́fíìsì.

Ẹni yẹn ṣì ń pè. Ó ti di "òṣìṣẹ́ Immigration" báyìí, ó ní wọn á dá mi padà sílé tí n ò bá san owó. Mo jẹ́ kí fóònù máa dún.