Iṣẹ́ mọ́kànlá ni mẹkáníìkì kọ fún ẹnjíìnì ọkọ̀ ojú omi wa: èwo ló pọn dandan?

Ọmọ Ìyẹ̀rú (Tankẹ, Ìlọrin)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mi ò fẹ́ dá gbé.

Ẹ̀gbọ́n mi ra ọkọ̀ ojú omi onírin kan ní Èkó ní ọdún méjì sẹ́yìn, ó gbé e wá sí Jẹ́bà. Ìrẹsì ló ń kó láti apá Pàtígi. Iṣẹ́ wá gbé ẹ̀gbọ́n lọ sí Àbújá, ọkọ̀ bọ́ sí mi lọ́wọ́, èmi tó jẹ́ pé bébà àti báírò ni mo fi ń jẹun. Ẹnjíìnì dísẹ̀lì sílíńdà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Inú ọkọ̀ gan-an ló jókòó sí, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀. Mítà rẹ̀ ti ka wákàtí 410. Nígbà tí a pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, 270 ló wà. Oṣù mẹ́tàlá sẹ́yìn nìyẹn.

Kò ṣàìsàn o. Atukọ̀ wa, ọmọ Tápà kan tó mọ odò yẹn bí ẹni mọ yàrá ìyá rẹ̀, bó bá ti yí kọ́kọ́rọ́ báyìí, ẹnjíìnì ti dáhùn. Ṣùgbọ́n mẹkáníìkì tó ń bá wa tọ́jú rẹ̀ na ìwé ẹnjíìnì sí mi, ó ní gbogbo rẹ̀ ló ti tó àsìkò: ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀, fílítà epo méjèèjì, rọ́bà inú pọ́ǹpù omi, síǹkì, omi rédíétọ̀ (èyí tó ń yí po nínú ẹnjíìnì, kì í ṣe omi odò), nọ́súlù tó ń fọ́n dísẹ̀lì sínú sílíńdà, kí a gbé pọ́ǹpù dísẹ̀lì lọ fún ẹni tí yóò tún un wọ̀n, tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí fáàfù, irin sálẹ́ńsà tó tẹ̀ kọdọrọ, ọ́ìlì gíà, àti okùn tó ń dí ibi tí ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ ti yọ sínú odò. ₦780,000 ló ní kí n wá. Èrè oṣù mẹ́ta kò tó bẹ́ẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ ẹ̀gbọ́n bàjẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́, mi ò sì fẹ́ di ẹni tí wọ́n ń fi ìwé òyìnbó gbowó lọ́wọ́ rẹ̀.

Alfa Jẹnẹ (Gàríkì Ọ̀fà, Ìlọrin)

Ọ̀gá mi, ẹ kú làálàá. Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń tú jẹnẹrétọ̀ nílùú yìí. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà ọ́ìlì, fílítà epo. Ó parí. Owó ilé-ìwé ọmọ ẹlòmíì ni ẹ fẹ́ fi àwọn ìyókù san.

Ọmọ Ìgbómìnà l'Ékòó

Alfa, ẹ má bínú o. Atẹ́gùn ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀ jẹnẹrétọ̀ tiyín. Odò ni ọkọ̀ ojú omi ń mu. Ẹ ò lè yọ rọ́bà pọ́ǹpù omi kúrò níbẹ̀, rọ́bà oníyẹ̀ẹ́ tó ń yí láti fa omi odò wá tu ẹnjíìnì lára.

Ọ̀sà Èkó ni èmi ti kọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ kan, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dí ẹnu ibi tí ẹnjíìnì ti ń fa omi. Omi tí rọ́bà yẹn ń gbé ló ń jẹ́ kó máa yọ̀. Bó bá yí láìsí omi, bí ìṣẹ́jú kan péré ti tó kó fi ya. Tiwa ya. Ọwọ́ wa yá, a pa ẹnjíìnì, a ra òmíràn, a fi sí i, ó sì tún ń gbóná. Kí ló dé? Ìyẹ́ tó já kúrò lára ti àkọ́kọ́ ti bá omi lọ, ó ti há sí ẹnu àwọn páìpù tín-ín-rín tí omi odò ń gbà kọjá láti tu ẹnjíìnì lára. Ọjọ́ méjì la fi wá ìyẹ́ mẹ́ta. Àbúrò, bí ẹ bá tú u tí ìyẹ́ kan kò sí níbẹ̀, ẹ wá a dé ibi tó wà kí ẹ tó dé e padà.

Bàbá Rélùwéè (Ọ̀fà)

Ọmọ Ìyẹ̀rú, ọmọ ilé ni ẹ́, ìdí nìyẹn tí màá fi dá ẹ lóhùn dáadáa. Mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjíìnì rélùwéè. Ohun tí mẹkáníìkì sọ lo kọ síbí o, o ò kọ ohun tí ìwé sọ. Ìwé náà ńkọ́? Ṣé o kà á? Wo iwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí o kọ iye wákàtí tó wà níbẹ̀, kí o sì kọ bóyá ó ní kí a yẹ̀ ẹ́ wò ni tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kọ ọ́ síbí bó ṣe wà gẹ́lẹ́.

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Ẹ ṣeun bàbá. Ojú ń tì mí láti sọ pé n ò ṣí i rí. Mo jókòó tì í lálẹ́ àná nígbà tí iná wà.

Ọ́ìlì ẹnjíìnì àti fílítà rẹ̀, wákàtí 250 tàbí ọdún kan, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Fílítà epo, bákan náà. Ọ́ìlì gíà, bákan náà. Rọ́bà pọ́ǹpù omi, kí a yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 1,000. Síǹkì, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Omi rédíétọ̀, ọdún méjì. Irin sálẹ́ńsà, kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Tápẹ́ẹ̀tì, 1,000. Nọ́súlù, 1,500! Mi ò rí ibi tí wọ́n ti dárúkọ pé kí a gbé pọ́ǹpù dísẹ̀lì lọ síbì kankan.

Bàbá, 410 ni a wà.

Bàbá Rélùwéè

Ó ti yé ẹ nìyẹn. Gbogbo ibi tí ìwé ti ní “yẹ̀ ẹ́ wò” ni ọ̀gá yẹn ti kà á sí “pààrọ̀”. Mi ò ní olè ni o. Ẹ̀rù ń ba àwọn kan nínú wọn pé bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn la máa bi. Ṣùgbọ́n àpò rẹ ló ń fi ra ìbàlẹ̀ ọkàn rẹ̀.

Pààrọ̀ ọ́ìlì. Ti pé wákàtí 140 péré ló ti ṣe kọ́ là ń sọ, ọdún ti yí po. Ìdọ̀tí iná àti omi tó ń là lára irin máa ń kó sínú ọ́ìlì, wọ́n á sọ ọ́ di kíkan, pàápàá nínú ẹnjíìnì tó ń pẹ́ nílẹ̀. Jẹ́ kó ṣiṣẹ́ díẹ̀ kó gbóná kí o tó tú u jáde, kí ìdọ̀tí lè bá a jáde. Nígbà tó bá ń dà, wò ó: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọ inú rẹ̀, má ṣe tan ẹnjíìnì yẹn mọ́, pè mí. Lórí kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì, wá lẹ́tà tó tẹ̀lé API. Èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C ni ti dísẹ̀lì, S ni ti pẹtiróòlù. Wọ́n á fẹ́ ta èyíkéyìí fún ẹ.

Omi rédíétọ̀, ṣe é, ọkọ̀ ti pé ọdún méjì lọ́wọ́ yín, ẹ ò sì mọ iye ọdún tó ti lò kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Wọ́n á sọ fún ẹ pé yìnyín kì í dì ní Ìlọrin, kí o bu omi kànga sí i. Oògùn tí kì í jẹ́ kí irin pẹtà wà nínú òògùn aláwọ̀ tí wọ́n ń dà sí rédíétọ̀, òun là ń rà.

Nọ́súlù àti pọ́ǹpù dísẹ̀lì, ṣé ó ń rú èéfín?

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Rárá, bàbá. Díẹ̀ ní àárọ̀ kùtù, kó tó gbóná, lẹ́yìn náà kò sí mọ́.

Alfa Jẹnẹ

Bàbá, mo gbà fún yín lórí rọ́bà, mi ò mọ ti odò. Ṣùgbọ́n ti nọ́súlù, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́ wò. Irú dísẹ̀lì tí à ń rà nísinsìnyí, kò sí nọ́súlù tí kì í dí.

Bàbá Rélùwéè

Alfa, nínú ọyẹ́ yìí? Létí odò, lórí ọkọ̀ tó ń mì? Eruku tó máa wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí i lè ju èyí tí epo gbé wá lọ. Bí ó bá ń rú èéfín dúdú tí ẹrù ò pọ̀ jù tí koríko ò sì wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ọkọ̀ lábẹ́ omi, bí kì í bá fẹ́ tan láàárọ̀, tàbí tó ń dún kán-kán-kán bí alágbẹ̀dẹ, ìgbà náà ni ká yọ nọ́súlù. Ẹni tí kò wúkọ́, ẹ jẹ́ ká fi àyà rẹ̀ sílẹ̀.

Alfa Jẹnẹ

Hmm. Mo gbọ́, bàbá. Ọ̀rọ̀ ọyẹ́ yẹn wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n inú mi ò tíì dúró.

Ọmọ Ìgbómìnà l'Ékòó

Kí n sọ ti síǹkì. Irin kékeré tí wọ́n ń fi fún omi jẹ ni, kí omi má baà jẹ ẹnjíìnì fúnra rẹ̀. Ti omi iyọ̀ ni o. Nínú omi odò tí kò níyọ̀ bíi ti Jẹ́bà, ara síǹkì máa ń yi, kò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Máńgínísíọ̀mù ni wọ́n ń lò fún irú omi bẹ́ẹ̀. Bí mẹkáníìkì bá ra síǹkì tuntun fún yín, bí ẹni ra agbòjò fún ẹja ni. Irin sálẹ́ńsà náà, iyọ̀ ló máa ń pa á kíákíá. Ẹ tú u, ẹ wo inú rẹ̀, bí ìpẹtà kò bá dí ọ̀nà, ẹ dé e padà.

Yanrìn ni ọ̀tá tiyín níbẹ̀ yẹn. Kí atukọ̀ máa fọ asẹ́ ẹnu omi lójoojúmọ́ tó bá ń rìn níbi tí omi ti fà.

Ti okùn ìdí ọ̀pá, kò gbọdọ̀ gbẹ pátápátá. Bí ọ̀pá bá ń yí, kí omi máa kán tó, tó, tó, ẹ̀kán díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá ń ṣàn, ẹ kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ ná.

Ìyá Ọlọ́lọ̀ (Ọ̀mù-Àrán)

Ẹ̀yin ọkùnrin ń sọ̀rọ̀ wákàtí, kò sẹ́ni tó bi ọmọ yìí ibi tó ti ń ra epo. Ẹ̀rọ ìlọta mẹ́ta ni mo ní, dísẹ̀lì ni gbogbo wọn. Ọdún tí ọ̀kan kú mọ́ mi lọ́wọ́, ọ́ìlì rẹ̀ mọ́ bí oyin. Omi ló wà nínú dísẹ̀lì. Látìgbà náà, bí mo bá ra epo, màá gbé dúrọ́ọ̀mù kalẹ̀ fún ọjọ́ méjì, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mì í. Omi wúwo ju dísẹ̀lì, ìsàlẹ̀ ló ń sùn. Òkè ni mo máa ń fà, èyí tó bá kù nísàlẹ̀ kì í wọ ẹ̀rọ mi. Bí omi bá pẹ́ lábẹ́ epo, nǹkan kan á máa hù níbẹ̀ tó máa ń yọ̀ bí ilá, òun ló ń dí fílítà.

Ọmọ mi, fílítà àkọ́kọ́ rẹ yẹn, ṣé ó ní ìgò nísàlẹ̀ tí omi ń kó sí? Ìgbà wo ni wọ́n tú u kẹ́yìn?

Ọmọ Ìyẹ̀rú

Ìyá mi, ó ní ìgò. Mo bi atukọ̀ lórí fóònù, ó ní òun rò pé ẹwà ni wọ́n fi ṣe.

Ìyá Ọlọ́lọ̀

Yéè.

Ọmọ Ìyẹ̀rú (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà)

Mo ti Jẹ́bà dé o. Èmi àti mẹkáníìkì la jọ jókòó ti ìwé, mo fi ìka tọ́ka sí i fún un. Ó kọ́kọ́ fajú ro, ó ní ṣé mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́ ni. Nígbà tí mo ní òun náà ni yóò ṣe àwọn tí a mú, tí màá sì sanwó ọwọ́ rẹ̀ pé, ojú rẹ̀ là.

Omi tó jáde nínú ìgò fílítà epo fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ife tíì kan. Ìyá mi, mo kúnlẹ̀ fún yín láti ibí. Rọ́bà pọ́ǹpù omi, ìyẹ́ méjì ti sán ní ìdí, wọn ò tíì já. A fi tuntun sí i, mo sì ra ọ̀kan mọ́ ọn kó wà nínú ọkọ̀. Ọ́ìlì ẹnjíìnì dúdú bó ṣe yẹ, kò funfun. A pààrọ̀ rẹ̀, ti gíà, fílítà gbogbo, àti omi rédíétọ̀. Irin sálẹ́ńsà mọ́ nínú, a dé e padà. Ìdí ọ̀pá gbẹ kangbẹ, wọ́n ti fún un jù, ó ń gbóná, a tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ díẹ̀ títí omi fi ń kán. Síǹkì tó wà níbẹ̀ ti yi bí Ẹ̀gbọ́n Ìgbómìnà ṣe wí, mò ń wá máńgínísíọ̀mù, bóyá Èkó ni màá ti rí i.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ₦215,000. Mo so ìwé àkọsílẹ̀ kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà pẹ̀lú báírò. Atukọ̀ ti kọ ọjọ́ mẹ́ta sínú rẹ̀.

Ọmọ Ìgbómìnà l'Ékòó

Ẹ fi nọ́ńbà ara ẹnjíìnì ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín bèèrè máńgínísíọ̀mù yẹn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Bàbá Rélùwéè

O ṣeun ọmọ. Tó bá di wákàtí 660, tàbí tí ọdún bá yí po, tún ọ́ìlì pààrọ̀.

Ìyá Ọlọ́lọ̀

Dìde ńlẹ̀, ọmọ mi. Ìrẹsì Pàtígi yẹn, èló ni ẹ ń ta báàgì kan?