Ìyára ẹsẹ̀ tàbí ìyípo ẹsẹ̀?

Ẹnìkan nínú wa tí a ń gun kẹ̀kẹ́ fẹ́ ra kọ̀ǹpútà kẹ̀kẹ́ (ẹ̀rọ kékeré tí a ń so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ láti máa rí ìyára àti òǹkà mìíràn), ó sì béèrè orúkọ tí a ó máa pe ohun tí elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní cadence, ìyẹn iye ìgbà tí ẹsẹ̀ ń yí pẹ́dààlì po láàárín ìṣẹ́jú kan. Àbá méjì ti jáde: “ìyára ẹsẹ̀” àti “ìlù ẹsẹ̀”. Mo bọ̀wọ̀ fún àwọn àgbà tí wọ́n dá wọn, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ wọn, pàápàá àkọ́kọ́, nítorí ó lè mú kí ènìyàn náwó sórí ohun tí kò wá.

“Ìyára” ti níṣẹ́ lójú kọ̀ǹpútà náà: òun ni a fi ń pe iye kìlómítà tí kẹ̀kẹ́ ń rìn ní wákàtí kan. Ẹni tí ó ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, tí ó dá ẹsẹ̀ dúró, lè máa sá 40 kìlómítà ní wákàtí, síbẹ̀ òdo ni òǹkà ẹsẹ̀ rẹ̀. Jíà ni ó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ẹnìkan bá fi jíà eléyín 48 níwájú àti 16 lẹ́yìn yí pẹ́dààlì po nígbà 90 ní ìṣẹ́jú kan, tí ẹlòmíràn fi 50 àti 11 yí i po nígbà 60, ìyára bíi 34 kìlómítà ní wákàtí ni àwọn méjèèjì yóò rí. Ṣùgbọ́n ẹni kejì ní láti fi agbára tí ó pọ̀ jù tẹ pẹ́dààlì nígbà kọ̀ọ̀kan, orúnkún rẹ̀ yóò sì mọ̀ ọ́n lára.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fẹ́ rajà nìyí. Kọ̀ǹpútà tí ó ń gba GPS (àmì láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì) lè sọ ìyára láìsí ohun èlò mìíràn, àmọ́ kò lè mọ ohun tí ẹsẹ̀ ń ṣe. Ó ní láti ní òòfà kékeré lára apá pẹ́dààlì àti ohun tí ń kà á lára férémù, tàbí irú tuntun tí a ń so mọ́ apá pẹ́dààlì fúnra rẹ̀, tí kò nílò òòfà, tí ó sì ń fi Bluetooth tàbí ANT+ (ọ̀nà méjì tí ẹ̀rọ fi ń bára wọn sọ̀rọ̀ láìsí wáyà) ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà. Èmi yóò mú tuntun yìí, nítorí òòfà tèmi ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lójú títì, òǹkà sì dúró. (Ìdí kan náà ni n kò fi fẹ́ “ayárabíàṣá” fún kọ̀ǹpútà níhìn-ín: “yára” tún ti wà nínú rẹ̀.)

“Ìlù ẹsẹ̀” dùn létí ju èkíní lọ. Ṣùgbọ́n onílù méjì lè lu ìlù tí ó yára bákan náà kí ohùn àti ètò wọn má jọra rárá. Ìlù ju iye lọ, iye nìkan sì ni a ń wá. Ọ̀rọ̀ Látìn tí ó túmọ̀ sí “ṣubú” ni cadence ti wá, kò sì sí ìdí tí a ó fi gbé ìṣubú yẹn wọ èdè wa.

Àbá tèmi ni “ìyípo ẹsẹ̀”. “Ìyípo” nìkan kò tó, nítorí táyà náà ń yí po. “Ìgbésẹ̀” kò tọ̀nà, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì yóò sọ 90 di 180, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni a ń ka ìyípo kan. Mo fi Eddy Merckx, gbajúmọ̀ eléré kẹ̀kẹ́ ará Bẹ́líjíọ̀mù, dán an wò. Ní Mexico City ní 1972, ó gun 49.431 kìlómítà ní wákàtí kan lórí jíà kan ṣoṣo, 52 níwájú, 14 lẹ́yìn, tí ìyípo kọ̀ọ̀kan ń gbé e rin bíi mítà 7.9. Láìsí kọ̀ǹpútà kankan, a lè sọ pé ìyípo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó 104 ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, kí gbólóhùn náà sì yé ẹni tí kò gun kẹ̀kẹ́ rí.