Ẹ́ńjìnì ìdí ọkọ̀ mi ò tu omi mọ́, mo sì ti pààrọ̀ rọ́bà pọ́ǹpù rẹ̀

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ẹ gbà mí o. Ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi ni mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó lójú òkun fún ọdún púpọ̀. Onísílíńdà méjì ni, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e sómi, omi tó ń mú un tutù ń tu jáde tín-ín-rín lẹ́yìn rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi náà dá. Mo tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, mo bá rọ́bà pọ́ǹpù, èyí tí wọ́n ń pè ní impeller, ọwọ́ rẹ̀ mẹ́ta ti já. Mo ra tuntun, mo fi sí i, mo dì í padà. Mo tan án nínú dúrọ́ọ̀mù omi, ẹ̀kán kan ò jáde. Mo yáa pa á kíá. Níbo ni mo ti ṣì í?

Bàbá Ìbejì:
Àbúrò, o káre tí o tètè pa á. Má tan án mọ́ títí a ó fi rí ibi tí omi ti ń há. Ẹ́ńjìnì tí omi ò bá dé orí ẹ̀, kì í pẹ́ tí písítìnì á fi gan mọ́ sílíńdà. Rọ́bà pọ́ǹpù gan-an, bó bá yí ní gbígbẹ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ó ti ń jóná nìyẹn, torí omi tó ń fà náà ló ń mú un yọ̀.

Ọwọ́ mẹ́ta tó já yẹn dà? Ṣé o rí wọn? Ohun tó bá já nínú pọ́ǹpù, omi ló ń gbé e lọ sókè, ibẹ̀ ló sì ti ń dí ọ̀nà. Mo jìyà ẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ rọ́bà lásán. Ìgbà tí mo ṣí ilé tẹ́mósítààtì lórí ẹ́ńjìnì, ìyẹn ìlẹ̀kùn kékeré tó ń ṣí fún omi bí ẹ́ńjìnì bá gbóná, ni mo tó bá èérún dúdú kan níbẹ̀, kò ju èékánná ọmọńdinrín lọ, ó lẹ̀ mọ́ ẹnu ihò bí ìdérí. Tẹ́ rọ́bà àtijọ́ sórí tábìlì, kí o máa to èérún tí o bá rí mọ́ ọn títí yóò fi pé.

Láti mọ̀ bóyá òkè ló dí ni àbí ìsàlẹ̀, yọ wáyà púlọ́ọ̀gì, kí o tún tú ìsàlẹ̀ náà kúrò. Wàá rí páìpù bàbà tó gun òkè lọ. Ti ọ́ọ̀sì bọ ẹnu ẹ̀, kí o ṣí omi díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀nà bá mọ́, omi á tu níbi tó ti máa ń tu, èyí tó kù á ṣàn wálẹ̀ láti inú ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnì. Bó bá ń ta padà sí ọ lójú, òkè ló dí.

Bí òkè bá mọ́, wo kíì kékeré tó di rọ́bà mọ́ ṣáàfù, irin gígùn tó ń yí i. Ó máa ń jábọ́ nígbà tí a bá ń tò ó pọ̀, ṣáàfù á wá máa yí, rọ́bà á dúró gbagidi. Ó tún lè jẹ́ pé páìpù bàbà yẹn ò wọ ẹnu pọ́ǹpù nígbà tí o gbé ìsàlẹ̀ padà. Fi omi ọṣẹ pa ẹnu rọ́bà tó ń gbà á, kí ẹnì kan bá ọ gbé e, kí ìwọ máa fi tọ́ọ̀ṣì darí páìpù.

Àǹtí Etí Omi:
Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá Ìbejì. Àbúrò, ṣé o wo ilé tí rọ́bà náà ń gbé? Fi ìka ra inú rẹ̀ àti irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí èékánná rẹ bá ń kọ́ níbẹ̀, rọ́bà tuntun ò ní ràn án. Tí ẹ́ńjìnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àfi kí ọwọ́ rọ́bà máa nu ara ilé rẹ̀ kó tó lè ti omi. Tó bá ń sáré gan-an, ọwọ́ náà á ká, á máa ju omi lásán. Ìdí nìyẹn tí pọ́ǹpù tó ti jẹ fi ń tu omi lórí ìrìn, tí á sì gbẹ tí ọkọ̀ bá dúró. Odindi ni kí o rà, pẹ̀lú ilé àti gásíkẹ́ẹ̀tì.

Má gbàgbé iyọ̀. Ó máa ń dì nínú ẹ́ńjìnì ojú òkun bí òkúta. Rẹ tẹ́mósítààtì sínú fínígà fún wákàtí díẹ̀, fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án, kí o wá sọ ọ́ sínú ìkòkò omi lórí iná. Ó gbọ́dọ̀ ṣí kí omi tó hó. Bí kò bá ṣí, pààrọ̀ ẹ̀. Má kàn yọ ọ́ sọnù, ẹ́ńjìnì tó tutù jù kì í jó epo dáadáa. Ihò tí omi ń gbà tu, okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń gé koríko ni kí o fi gún un.

Nígbà tí o bá ń dì í, máa yí ṣáàfù sí ọ̀nà tí ọwọ́ aago ń gbà bí o ṣe ń ti ilé pọ́ǹpù wálẹ̀, kí ọwọ́ rọ́bà lè tẹ̀ síbi tó yẹ. Fi gíríìsì pa eyín ṣáàfù, ṣùgbọ́n má fi sí orí ténté rẹ̀, èyí tó bá há níbẹ̀ ò ní jẹ́ kó wọlé tán. Pa á sára àwọn bóòtì (bolt) tí a fi ń dì í náà, kí iyọ̀ má baà gan án mọ́bẹ̀.

Àbúrò Ọlọ́kọ̀:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ọ́ọ̀sì bọ páìpù lónìí, omi ta sí mi láyà. Mo ṣí ilé tẹ́mósítààtì: iyọ̀ funfun bí ẹfun, èérún rọ́bà méjì há sínú rẹ̀. Mo tò wọ́n, ó ku ọ̀kan. Ó tó wákàtí kan tí mo fi wá a. Ìgbà tí mo wá rọ omi láti òkè wá sísàlẹ̀ ló jábọ́ láti ẹnu páìpù bàbà.

Ilé pọ́ǹpù náà ti jẹ lóòótọ́, mo ti ní kí wọ́n fi odindi ránṣẹ́, n kò ní lọ sójú omi kó tó dé. Ṣùgbọ́n mo dán an wò nínú dúrọ́ọ̀mù. Mo jẹ́ kó sáré díẹ̀, omi tu jáde. Mo tẹ́ ọwọ́ sí i. Ó kọ́kọ́ tutù, lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí?

Bàbá Ìbejì:
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni.