Wákàtí ẹ̀kọ́ lọ́yà tí a fi Zoom ṣe: báwo la ṣe ń tún orúkọ ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin lọ́yà. Owó tí lọ́yà ń san lọ́dọọdún kó lè máa ṣiṣẹ́ ò le: ká ti san án kí 31 March tó kọjá, ká gba òǹtẹ̀ NBA, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà, ó parí. Wákàtí ẹ̀kọ́ àtìgbàdégbà, ìyẹn CPD tí lọ́yà ń ṣe kí ìmọ̀ rẹ̀ má bàa gbó, ló lọ́jú pọ̀, pàápàá èyí tí a bá fi Zoom ṣe.

Bí orúkọ tó hàn nínú àkọsílẹ̀ Zoom bá jẹ́ "iPhone" lásán, tàbí orúkọ ọkọ tí kò sí nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ lọ́yà ní Kóòtù Tó Ga Jù Lọ, ta ni NBA yóò ka wákàtí náà fún? Bí iná bá sì lọ ní Ìkọ̀lé, téèyàn já, tó tún wọlé, ìlà méjì ni Zoom yóò kọ, pẹ̀lú ìṣẹ́jú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá wo ìlà kan ṣoṣo yóò ní onítọ̀hún ò jókòó tó. (Iná wa náà kúkú ni!)

Ṣé akọ̀wé ẹ̀ka NBA ní Adó-Èkìtì lè ṣe àtúnṣe orúkọ àti ìṣẹ́jú yìí, àbí olú-iléeṣẹ́ NBA ní Àbújá la máa kọ̀wé sí? Ẹ̀rí wo ni wọ́n ń gbà: rìsíìtì, ímeèlì ìforúkọsílẹ̀, àbí fọ́tò ojú fóònù?