Ẹ̀gẹ́ ni àbí kòkó? Mo ń wá ìmọ̀ràn lórí ilẹ̀ bàbá mi lẹ́yìn Ìkọ̀lé

Olùkọ́_Ìkọ̀lé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ àgbẹ̀, mo kí yín o. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, ó sì ku ọdún mẹ́ta kí n fẹ̀yìn tì. Bàbá mi fi ilẹ̀ éékà mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́yìn Ìkọ̀lé, ó tó kìlómítà mẹ́sàn-án sí ọ̀nà ọlọ́dà, àwa ọmọ mẹ́rin la jọ ni ín, a kò sì tíì pín in. Éékà méjì péré ni wọ́n ń ro láti bí ọdún mẹ́wàá, ìyókù ti di igbó. Nígbà tí owó kòkó gòkè ní ọdún 2024, èmi àti ìyàwó mi pinnu pé kòkó ni a óò gbìn, ṣùgbọ́n àbúrò mi tó ń gbé abúlé ní ẹ̀gẹ́ ni kí a gbìn, nítorí pé láàárín ọdún kan owó yóò ti padà wálé. Mo ní owó díẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, mo sì lè yá ìlọ́po méjì rẹ̀. Èwo ló lérè jù nínú méjèèjì, kí sì ni àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà máa ń wò kí wọ́n tó pinnu?

Àgbẹ̀_Ìsè:

Ọ̀gá olùkọ́, ẹ kú àròjinlẹ̀. Kòkó ni mo ń ṣe ní agbègbè Ìsè, bàbá mi ló gbin èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ má rò pé mo kórìíra rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ béèrè: àwọn ọmọ mẹ́ta tó kù ńkọ́, ṣé wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí ẹ gbin igi sórí ilẹ̀ tí ẹ kò tíì pín? Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti iṣu, bó bá sì ti ń san ìṣákọ́lẹ̀, kò sí ẹni tí yóò bá a jà. Ọjọ́ tó bá gbin kòkó, ọ̀pẹ tàbí obì ni àwọn onílẹ̀ á dé, nítorí pé lójú wọn, ẹni tó gbin igi tí yóò wà nílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún ti ń pe ilẹ̀ náà ní tirẹ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí láàárín ọmọ ìyá. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìṣàkóso gómìnà, ṣùgbọ́n nínú oko, ọ̀rọ̀ ẹbí ló ń ṣẹ.

Ní ti owó tó wọ̀ yín lójú, àrùn àti ojú ọjọ́ tó ba kòkó jẹ́ ní Gánà àti Côte d'Ivoire wà lára ohun tó mú kí tọ́ọ̀nù kan kọjá 12,000 dọ́là ní oṣù Kejìlá ọdún 2024. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Kòkó tí ẹ bá gbìn lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ irú tuntun tí ilé ìwádìí kòkó ní Ìbàdàn mú jáde, yóò lo ọdún méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí so, ti àtijọ́ sì lè tó ọdún márùn-ún. Iye tí wọ́n bá ń rà á lọ́jọ́ náà ni tiyín. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti tú àjọ tó ń ra kòkó ká, kò sí ẹni tó ń dá iye kan lé e fún wa ṣáájú ìkórè mọ́.

Ìyá_Onígàrí:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Gàrí ni mo ń ṣe, agbègbè Ìkọ̀lé yẹn náà ni mo sì ti ń ra ẹ̀gẹ́ láti bí ọdún mọ́kànlá. N kò ní àríyànjiyàn lórí ohun tí wọ́n sọ nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n àbúrò yín náà kò sọ ọ̀rọ̀ tán. Kìlómítà mẹ́sàn-án tí ẹ dárúkọ bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan ni ojú mi kọ́kọ́ bà lé. Bí a bá ti wú ẹ̀gẹ́ nílẹ̀, láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ni inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí dúdú. Nítorí náà, bí mo bá fẹ́ ra oko, n kì í kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń ta ẹrù pikọ́ọ̀pù kan lọ́jà. Mo máa ń béèrè bóyá mọ́tò á dé ibẹ̀, àti bí ọ̀nà náà ṣe máa ń rí bí òjò bá rọ̀ mọ́jú. Oko méjì tó jọra, tí ọ̀kan wà létí ọ̀dà tí ìkejì wà nínú lọ́hùn-ún, iye wọn kì í dọ́gba lọ́wọ́ mi, torí ọ̀kadà ni n óò fi kó ti inú jáde ní àpò kọ̀ọ̀kan. Tọ́ọ̀nù ẹ̀gẹ́ mẹ́rin sí márùn-ún là ń lò kí tọ́ọ̀nù gàrí kan tó jáde, nítorí náà ẹni tó ń gbé ẹ̀gẹ́ tútù gba ọ̀nà tí kò dára, omi ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn tí oko wọn jìnnà fi máa ń bó o, tí wọ́n á rẹ ẹ́ fún láfún, tí wọ́n á sì sá a níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé e jáde.

Ẹ̀gẹ́ tún ní ìṣe kan. Ọdún tó bá wọ́n, gbogbo ènìyàn á sáré gbìn ín, gbogbo rẹ̀ á gbó lẹ́ẹ̀kan náà, owó á sì já. Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kan sọ fún wa pé gbogbo ohun tí a bá kó wá ni àwọn yóò rà fún sítáàṣì, kò sì sí ìwé kankan láàárín wa. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ gbó, wọ́n ní sítáàṣì inú rẹ̀ kò tó ìwọ̀n tí àwọn ń fẹ́, mo sì fi ṣe gàrí ní àdánù. Láti ìgbà náà ni mo ti ń béèrè irú èyí tí àgbẹ̀ gbìn kí n tó fi owó sílẹ̀. Irú ẹ̀gẹ́ tuntun tí wọ́n ń pè ní TME 419 máa ń dúró ṣánṣán, kò sì lẹ́ka púpọ̀, ó dára fún ẹni tó fẹ́ gbin àgbàdo sáàárín rẹ̀. Irú tuntun mìíràn, TMS 30572, máa ń lẹ́ka, ewé rẹ̀ á bo ilẹ̀, á sì dín iye ìgbà tí ẹ óò roko kù. (Àwọn ìyá wa ṣì ń gbin ti ìbílẹ̀ sẹ́yìnkùlé fún ẹnu ara wọn, wọn kò sì gbà pé èyíkéyìí nínú irú tuntun wọ̀nyí dùn tó o.)

Ọ̀dọ́_Ọ̀yẹ́:

Ẹ má bínú pé ọmọdé ń dá sí i. Ilẹ̀ àti ọ̀nà lẹ ń wí, ṣùgbọ́n ta ni yóò ro oko? Éékà mẹ́rin ni mo ń ṣe nítòsí Ọ̀yẹ́, owó lébìrà ló sì ń pinnu iye tí mo ń gbìn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ sí Èkó, àwọn míràn ń gun ọ̀kadà ní Adó. Àwọn tó ń bá wa ṣe iṣẹ́ ọdún ń wá láti Benue, Kogi tàbí Tógò, wọ́n sì mọ iye ara wọn. Ẹ̀gẹ́ tí koríko bá bò mọ́lẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, iṣu rẹ̀ kì í tóbi dáadáa mọ́, bó ti wù kí ẹ tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn náà. Láti ọdún 2016 ni Èkìtì ti ní òfin tó ká fífi màlúù jẹko kiri lọ́wọ́ kò, síbẹ̀ ẹ̀gẹ́ tó bá wà nílẹ̀ di ọ̀gbẹlẹ̀ nílò ẹni tí ń sùn nítòsí rẹ̀. Àbúrò yín ni ẹni náà. Ṣé owó oṣù ni ẹ óò máa fún un, àbí ìpín nínú èrè? Lójú tèmi, ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohun tí ẹ fẹ́ gbìn lọ.

Olùkọ́_Ìkọ̀lé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Kí n má parọ́, n kò tíì bá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Ìlọrin sọ ọ̀rọ̀ yìí rárá. Mo rò pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ èmi ni mo fẹ́ náwó, èmi náà ni n óò pinnu. Bí a bá fi éékà méjì tó ṣí sílẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo nígbà òjò tó ń bọ̀, pẹ̀lú owó ọwọ́ mi láìyá, kí àbúrò mi sì mú ìdá kan nínú mẹ́ta èrè, ṣé a lè máa tọ́jú ọmọ kòkó sínú ọ̀rá títí ọ̀rọ̀ ẹbí yóò fi yanjú?

Àgbẹ̀_Ìsè:

Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ ka oṣù. Ọmọ kòkó ń lo oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà nínú ọ̀rá, nítorí náà oṣù Kejìlá tàbí oṣù Kìn-ín-ní la ń gbìn ín, kí ó lè bọ́ sínú oko nígbà òjò oṣù Karùn-ún sí Kẹfà. Bí a bá fi àyè mítà mẹ́ta sáàárín ara wọn, éékà kan ń gba nǹkan bí 450. Ẹ má tọ́jú ju ti éékà kan lọ lọ́dún yìí, iye tí ẹ lè tètè tà fún ẹlòmíràn bí ọ̀rọ̀ bá yí. Ẹ kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí yóò ṣíji bò ó. Òun ni yóò máa mú owó wọlé kí kòkó tó so, n kò sì tíì rí ẹbí tó bínú sí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ pe àwọn ọmọ ìyá yín jọ nígbà ọdún Àjíǹde tí wọ́n bá wálé, kí olórí ẹbí wà níbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i, pé ẹni tó gbin kòkó ló ni igi, ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ni ilẹ̀.